Ẹ̀bẹ̀ Tí Mo Bá Adéjàre Bẹ̀

Èmi ni mo sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó gbé e sí mi lẹ́nu, inú ò sì bí mi. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà, mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá bí mo ṣe máa kó o padà. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, máa ń sọ fún mi pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀rín ni mo máa ń rín.

Ẹ̀rínọlá ni orúkọ mi. Ìkìrun ni mo ń gbé, ṣùgbọ́n Ìnísà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ilé ìwòsàn Dókítà Mákánjúọlá, níbi tí mo ti jẹ́ ọ̀gá yàrá káàdì. Bí aláìsàn bá dé, ọ̀dọ̀ wa ló máa kọ́kọ́ yà sí. A ó bi í ní nọ́ńbà rẹ̀, a ó fa káàdì rẹ̀ yọ, a ó gbé e fún nọ́ọ̀sì. Ara káàdì yẹn ni wọ́n ti máa mọ ohun tó ti ṣe é rí àti oògùn tí ara rẹ̀ kì í gbà. Àwa méjì péré la wà nínú yàrá náà: èmi tí mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, àti Adéjàre, ọmọ Òkukù, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.

Ọdún mẹ́rin ni mo ti fi bá Adéjàre ṣiṣẹ́, ká má purọ́, ọdún kìíní fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Adéjàre kì í kí èèyàn. Mo lè wọlé láàárọ̀ kí n ní, "Adéjàre, o jíire bí?" Á ní, "Káàdì márùn-ún ni wọn ò dá padà lánàá, mà." Ẹ gbọ́ mi o. Lọ́dọ̀ wa níbí, bí o bá pàdé ẹni tí ejò ń lé, o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí i pé ó kú eré sísá. Ọmọ yìí á kàn máa to káàdì rẹ̀ lọ ni, ojú rẹ̀ ò ní kúrò lára wọn, bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà. Kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun lójijì. Bí wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀, á fi òwú di etí. Búrẹ́dì àti ẹ̀pà ló ń jẹ lọ́sàn-án, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, fún ọdún mẹ́rin gbáko.

Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ káàdì, ẹ fi Adéjàre sílẹ̀. Káàdì tó wà nínú yàrá yẹn lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Bí èèyàn bá ti sọ nọ́ńbà rẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, bí onítọ̀hún bá dé, tó ní òun ti sọ ìwé nọ́ńbà òun nù, Adéjàre á wo ọwọ́ rẹ̀, á wo bàtà rẹ̀, á dárúkọ nọ́ńbà náà, á sì nawọ́ fa káàdì yọ. Kì í ṣì í. Síbẹ̀ àwọn nọ́ọ̀sì a máa fi ìka yí ẹ̀bá orí lẹ́yìn rẹ̀, wọn a máa rẹ́rìn-ín. Mo máa ń lé wọn. Mo fi í ṣe ọmọ, mo sì gbà lọ́kàn mi pé bí kì í bá ṣe èmi, wọn ì bá ti jẹ ẹ́ tán nílé ìwòsàn yẹn.

Ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù Kẹta ni Olóyè Bólúwají wá ṣàyẹ̀wò ara. Olóyè ni alága ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ilé ìwòsàn wa. Àwọn ló fún Dókítà ní ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ọ lé. Àwọn náà ni àbúrò bàbá ọkọ mi, àwọn ló sì bá mi wá iṣẹ́ yìí nígbà tí mo di opó. Bí Olóyè bá ń wọlé, aláìsàn gan-an máa ń jókòó dáadáa.

Lọ́jọ́ náà, èrò kún inú gbọ̀ngàn. Àwa obìnrin kúnlẹ̀, àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀. Adéjàre dúró gbọn-in nídìí fèrèsé tí a ti ń gba káàdì. Kí Olóyè tó la ẹnu, ó ti fa káàdì wọn yọ.

"Ọdún mélòó ni yín báyìí, sà?" ló wí.

Olóyè wò ó. Wọ́n ń retí ìkíni. Nígbà tí wọn ò rí i, wọ́n ní, "Méjìdínláàádọ́rin."

"Ohun tí ẹ sọ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn nìyẹn, sà. Ó yẹ kó ti di mọ́kànléláàádọ́rin."

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín níwájú, ẹlòmíràn gbà á lẹ́yìn, ni gbọ̀ngàn bá gba ẹ̀rín kan. Olóyè ò rẹ́rìn-ín. Wọn ò gba káàdì. Wọ́n yí padà, wọ́n gba ọ́fíìsì Dókítà lọ, ọ̀pá ìtilẹ̀ wọn ń ró kọ́ kọ́ kọ́ lórí táìlì. Mo sáré tẹ̀ lé wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń bẹ àgbà lọ́dọ̀ wa, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Bí o bá fẹ́ bá ẹnìkan bẹ̀bẹ̀, o kì í gbé e ga, torí bí o bá gbé e ga, ńṣe lò ń da epo síná. O máa fà á wálẹ̀ ni, títí yóò fi hàn pé kò tó ẹni tí àgbà ń bá bínú: ọmọdé ni, òpè ni, kò gbọ́n, ẹ má wò ó. Bó bá ṣe ń kéré sí i lẹ́nu rẹ ni ìbínú á máa rọlẹ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣe bẹ̀ fún mi, bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe ń bẹ̀ fún àwọn ọmọ mi. Kò sẹ́ni tó ń ka ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ sí òótọ́. Ohun tí mo mọ̀ nígbà náà nìyẹn.

Mo kúnlẹ̀ níwájú Olóyè. "Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ má dá a lóhùn. Ọmọdé ni."

"Ọmọdé wo? Ẹni tó ń lọ sí ọgbọ̀n ọdún!"

"Ẹ fi jì í nítorí tèmi. Kò lẹ́kọ̀ọ́."

"Kó lọ kọ́ ọ nílé ìyá ẹ̀. Dókítà, mi ò fẹ́ rí ọmọ yẹn níbí mọ́."

Dókítà ń wo ilẹ̀. Mo mọ Olóyè: bí wọ́n bá sọ pé mi ò fẹ́, ó parí. Mo fi orúnkún wọ́ sún mọ́ wọn, mo sì sọ èyí tó burú jù níbẹ̀, torí mo mọ̀ pé yóò ṣiṣẹ́.

"Bàbá, ẹ ṣàánú ẹ̀. Orí ẹ̀ ni ò pé. Kò mọ ohun tó ń ṣe."

Ó ṣiṣẹ́. Ojú Olóyè rọ̀ wọ̀ọ̀. "Háà. Ẹ ò wá tètè wí. Èmi wá ń bá ẹni tí nǹkan ń ṣe fa wàhálà! Olúwa á wò ó sàn."

"Àmín, Bàbá. Ẹ ṣeun, ẹ kú oore."

Ìgbà tí mo dìde tí mo yíjú ni mo rí Adéjàre lẹ́nu ọ̀nà. Káàdì Olóyè ló gbé wá. Ó rọra gbé e sórí tábìlì Dókítà, ó jáde. Mi ò kà á sí. Inú mi tiẹ̀ ń dùn. Lọ́sàn-án mo ra búrẹ́dì ńlá kan fún un, mo ní, "Jẹun jàre, mo ti bá ẹ parí ẹ̀." Kò fọwọ́ kàn án.

Lọ́jọ́ kejì, Adéjàre ò wá síbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, kò wá. Ọmọ tó máa ń dé kí ẹni tó ń ṣí géètì tó dé! Lọ́jọ́bọ̀ ni Dókítà pè mí sí ọ́fíìsì, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

"Màmá, Olóyè ní ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ò kúrò lọ́kàn àwọn. Wọ́n ní báwo la ṣe máa fi káàdì àwọn èèyàn sọ́wọ́ ẹni tí orí ẹ̀ ò pé? Tó bá gbé káàdì ẹlòmíì fún nọ́ọ̀sì ńkọ́? Tí wọ́n bá tìtorí ẹ̀ gún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ tí ara ẹ̀ ò gbà?"

"Dókítà, ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ ni mo sọ yẹn o!"

"Mo mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ lẹ̀ ń bẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ bá a ṣiṣẹ́ lọ́dún mẹ́rin, mà. Bí ẹ̀yin bá ní orí ẹ̀ ò pé, ta ló máa ní ó pé?" Wọ́n ti ìwé kan sí iwájú mi. "Ìgbìmọ̀ máa jókòó lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n fẹ́ kó máa roko ọgbà, kó máa gbálẹ̀. Tí kò bá fẹ́, kó máa lọ sílé. Ẹ bá mi kọ ohun tí ẹ mọ̀ nípa ẹ̀ síbẹ̀, kí ẹ fọwọ́ sí i."

Mo mú bírò. Mo tún gbé e sílẹ̀, torí ohun kan wà tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Bí wọ́n ṣe dárúkọ abẹ́rẹ́ yẹn, òun ló sọ sí mi lọ́kàn.

Lọ́dún tó kọjá, obìnrin méjì tó ń jẹ́ Ọmọ́wùnmí wá sọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ kan náà. Ará Ìgbáyé ni ọ̀kan, ará Ìbà ni ìkejì, orúkọ bàbá wọn sì tún jọra. Abẹ́rẹ́ kan wà tí ti Ìbà ò gbọdọ̀ gbà. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á nígbà kan, a sì ti fi yíǹkì pupa kọ ọ́ sára káàdì rẹ̀. Èmi ni mo gbé káàdì fún nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà, èmi tí orí mi pé. Mo gbé e lódìlódì: káàdì ti Ìgbáyé ni mo fi ṣe ti Ìbà. Ẹnìkan láti Ìkìrun ni mò ń kí lọ́wọ́, mò ń bi í léèrè ìyá rẹ̀, mò ń bi í léèrè àwọn ọmọ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Adéjàre ló rí i. Ó sáré jáde, ó já abẹ́rẹ́ gbà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, abẹ́rẹ́ fọ́ sílẹ̀. Gbogbo wọn ní wèrè rẹ̀ ti dé. Kí wọ́n tó rántí wo káàdì, mo ti pààrọ̀ rẹ̀. Mo wá ní kí Adéjàre bẹ nọ́ọ̀sì, ó sì bẹ̀ ẹ́, torí èmi ni mo ní kó bẹ̀ ẹ́.

Mi ò fọwọ́ sí ìwé Dókítà. Mo ní kí wọ́n fún mi láyè di ọjọ́ Ajé.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta mo wọ mọ́tò lọ sí Òkukù. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Túnráyọ̀, tó ń ṣe tíṣà, ni Adéjàre ń gbé. Obìnrin náà kúnlẹ̀ kí mi bó ṣe yẹ kí ọmọ gidi kí àgbà, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ tutù bí omi kànga.

"Ẹ kú ìrìn, mà. Ẹ wọlé, kí ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ yín."

Adéjàre jókòó sídìí tábìlì. Ìwé ọmọ iléèwé wà níwájú rẹ̀, méjì mìíràn tó ti kọ kún wà nílẹ̀. Nọ́ńbà ló ń kọ síbẹ̀, nọ́ńbà àti orúkọ, nọ́ńbà àti orúkọ. Kò gbójú sókè.

"Àti ọjọ́ Ajé ló ti ń kọ nọ́ńbà káàdì yín, láti orí oókan," ni Túnráyọ̀ wí. "Ó ti kọjá ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Ó ní òun ń wá ibi tí kò pé. Ó ní bí òun bá dé ibi tí òun ò rántí, òun á mọ̀ pé ibẹ̀ ni orí òun ti dín."

Ẹ wò ó, mo ti sin òkú ọkọ, mo ti sin òkú ọmọ. Ojú ò tì mí rí bó ṣe tì mí nínú yàrá yẹn. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún.

"Túnráyọ̀, mi ò ní in lọ́kàn. Ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀."

"Mo mọ̀, mà. Òun ni kò mọ̀. Bí ẹ bá sọ nǹkan fún Adéjàre, ohun tí ẹ sọ yẹn gan-an ló gbọ́." Ó fa àga, ó jókòó tì mí. "Nígbà tó wà ní kékeré, ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni tíṣà ẹ̀ sọ fún ìyá wa. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń gbé e kiri orí òkè àdúrà, tí wọ́n ń mú ọmọ ọdún mẹ́jọ gbààwẹ̀, kí orí ẹ̀ lè pé. Dókítà kan ní Ìbàdàn ló wá là wá lóye. Wọ́n ní ọ́tíísìmù ni wọ́n ń pè é, pé kì í ṣe àìsàn, pé kò sí ohun tó dín níbẹ̀. Bí ọpọlọ tiẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ó gbà mí lọ́dún mẹ́wàá kí n tó yọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò lọ́kàn ẹ̀. Ìṣẹ́jú kan lẹ fi dá a padà."

"Kí ni kí n wá sọ fún wọn lọ́jọ́ Ajé? Bí wọ́n bá bi mí pé kí ló ń ṣe é?"

"Kò sóhun tó ń ṣe é. Ohun tó nílò láti fi ṣiṣẹ́ ẹ̀ ni kí ẹ sọ. Ẹ sọ pé ariwo máa ń dà á láàmú. Ẹ sọ pé kí wọ́n bá a sọ̀rọ̀ tààrà. Ẹ sọ pé bí kò bá kí wọn, kì í ṣe ìgbéraga. Ṣé ìyẹn le jù fún ẹnu, mà?"

Kò le. Ohun tó le ni ìyókù tí Túnráyọ̀ ò mọ̀: bí mo bá ní Adéjàre tó ẹni tí à ń fi káàdì sí níkàáwọ́, wọ́n á ní kí n fi ẹ̀rí hàn, ẹ̀rí náà sì ni abẹ́rẹ́ Ọmọ́wùnmí.

Lọ́jọ́ Ajé, ìgbìmọ̀ pé. Olóyè wà láàárín, Dókítà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àwọn àgbà méjì mìíràn jókòó lápá kejì. Mo dúró.

"Bàbá, ẹ foríjì mí, mi ò ní kúnlẹ̀ lónìí. Bí mo bá kúnlẹ̀, ẹ máa rò pé ẹ̀bẹ̀ ni mo tún wá bẹ̀. Irọ́ ni mo pa fún yín lọ́jọ́sí. Orí Adéjàre pé. Bí ọpọlọ ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí tiwa ni, ariwo ń dà á láàmú, kì í sì í mọ̀ pé à ń retí ìkíni. Ẹ ní bó bá gbé káàdì òdì ńkọ́. Nínú yàrá yẹn, ẹnìkan ti gbé káàdì òdì rí. Èmi ni."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn: yíǹkì pupa, ará Ìkìrun tí mò ń kí, káàdì tí mo pààrọ̀, àforíjì tí mo mú kí Adéjàre tọrọ. Nígbà tí mo parí, Dókítà ti fọwọ́ bo ojú.

Olóyè ò pariwo. Ì bá sàn kí wọ́n pariwo. "Lórí ìkúnlẹ̀, Ẹ̀rínọlá. O kúnlẹ̀ purọ́ fún mi, mo sì ṣàdúrà lé e." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Kí ọmọ yẹn padà sẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀. Ìwọ ni kó o fi yàrá náà sílẹ̀."

Wọ́n gbé mi lọ síbi tí a ti ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ó tọ́ sí mi, mi ò jiyàn. Dókítà lẹ ìwé mọ́ ògiri pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi orí tàbí ọpọlọ ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́ níbi iṣẹ́, wọ́n sì gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sẹ́yìn ilé, kó lè jìnnà sí yàrá káàdì. Mo dúpẹ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Lọ́jọ́rú Adéjàre dé. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì wà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo rí i lẹ́nu géètì, tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ẹni tó ń ṣí géètì. Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ fún obìnrin tó ń gbálẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́fà kan tó ń wúkọ́. Bí aláìsàn bá dé ìdí fèrèsé, á fi káàdì sílẹ̀, á ṣílẹ̀kùn, á jáde wá na gbogbo ara rẹ̀ sórí táìlì, á ní "Ẹ káàárọ̀," kó tó padà wọlé lọ béèrè nọ́ńbà. Èrò tò jáde dé ìta. Inú wọn ń dùn, wọ́n ń ní ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ rèé. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, iwájú ẹ̀wù rẹ̀ ti dúdú, káàdì sì ti kún orí tábìlì láìtò.

Ó rí mi, ó tún dọ̀bálẹ̀.

"Adéjàre, dìde. Òótọ́ ni pé o ò kí Olóyè lọ́jọ́sí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní kó o máa ṣe èyí. Orí ẹ pé. Mo ti sọ fún wọn."

Ó dìde. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ọwọ́ mi ló ń wò. "Ẹ sọ fún Olóyè pé orí mi ò pé, kí wọ́n má baà lé mi. Ẹ tún sọ fún wọn pé orí mi pé, kí wọ́n má baà lé mi. Èwo lẹ sọ nítorí pé bẹ́ẹ̀ ló rí, mà?"

Mo ní èkejì ni. Mo tún un sọ. Ó gbé e yẹ̀ wò bí ẹni tí kò rí èyí tó lè gbà gbọ́ nínú méjèèjì, ó sì yíjú kúrò lọ́dọ̀ mi. Ìyá ọlọ́mọ kan ń gun àtẹ̀gùn bọ̀. Ó lọ pàdé rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀.